Ta Ní Ń Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Jáde Ní Alùjánnà?

“Bàbá Àgíríìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí èmi àti ọkọ mi ti kúrò l'Ékòó, tí a kó wá sí ibì kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá. Éékà mẹ́rin ni. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa, omi ń sun lábẹ́ rẹ̀, omi náà kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ọsàn wà, píà wà, a gbẹ́ adágún ẹja kan, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀ àfi ẹni tí a bá mú débẹ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo gbé ọsàn lọ sọ́jà bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí mo dé, ọkọ mi ti di báàgì méjì. Ó ti gba yàrá méjì sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òórùn aró. Ó ní òun kò bá mi jà, ó ní kò sí obìnrin níbì kankan, kò ní kí n wá, kò sì ní kí n má wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti ṣe é ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní alùjánnà?”

Àbúrò mi, ẹ kú ọ̀ràn, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bírò. Ìdí tí ọkọ yín fi lọ lẹ béèrè, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́ rẹ̀: ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbin igi ọsàn wọ̀nyẹn, bí ó bá wá ní ibẹ̀ kò tó òun mọ́, àfi bíi pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ kò tó. Ìyẹn ló ń gún yín lọ́kàn, ó sì yẹ kó gún yín. Kí n tètè sọ ibi tí agbára mi mọ. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹnu ẹyọ kan sì ni mo gbọ́. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe pásítọ̀ tó ń parí ìjà tọkọtaya. Ọdún 31 ni mo fi gun alùpùpù ìjọba kiri àwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá, Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Àríwá Abẹ́òkúta, tí mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ yẹn fún mi ní àǹfààní kan tí wọn kò kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi: mo máa ń rí àwọn tó ń kó dé, mo sì máa ń rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó lọ. Èmi fúnra mi ti kó lọ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ “wọ́n ti ṣe é” kúrò lọ́nà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ibi tó dára sílẹ̀, kó tó dé títì ni aráyé ti fún un ní ìdí méjì, obìnrin tàbí oògùn. N kò ní kò sí obìnrin láyé, n kò sì ní kò sí oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí èèyàn ṣe ń gba yàrá l'Abẹ́òkúta lóde òní. Ẹ óò wá ẹ̀jẹ́ńtì, ẹ óò san owó tí yóò fi mú yín káàkiri, ẹ óò rí ilé mẹ́rin tí òrùlé wọn ń jò, ẹ óò san owó ọdún kan, owó àdéhùn àti owó ẹ̀jẹ́ńtì lé e, ẹ óò sì bá onílé dúnàádúrà lórí mítà iná. Ẹni tí wọ́n fi èèdì dì kò ní sùúrù yẹn. Ẹni tó ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọkọ yín. Mo mọ̀ pé èyí dùn yín ju ti oògùn lọ, nítorí bí ó bá ti ń rò ó, ó ti ń jẹun pẹ̀lú yín, ó ń gbàdúrà pẹ̀lú yín, kò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò lè ké. Ẹni tí onílé ń yọ lẹ́nu, gbogbo àdúgbò á bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó bá jókòó sábẹ́ igi píà tirẹ̀, tó mu omi tútù lábẹ́ àpáta tirẹ̀, tó wá ní inú òun kò dùn, ṣé wọn kò ní ní ó ya aláìmoore ni? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń gbé e mì, títí yóò fi di báàgì méjì.

Àṣìṣe kejì wà nínú ọ̀rọ̀ “alùjánnà” yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ ka ohun tí ibẹ̀ ní fún mi: omi, ọsàn, ẹja, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ kò sọ ohun tó lé yín débẹ̀. Ibi ìsápamọ́ lẹ pè é, bí ẹ ò tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà: “kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìtòkò, sábẹ́ Olúmọ, ibi tí gbogbo ọmọ iléèwé máa ń ya fọ́tò tí wọn kì í sì í ronú. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó, tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn dé ibí yìí lọ́dún 1830, abẹ́ àpáta yẹn ló bò wọ́n. Ihò tí wọ́n fi ń lọ nǹkan jíjẹ ṣì wà lójú òkúta títí di òní, ẹ lè fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ wọlé síbẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti nàró. Ó ní ibi tí ẹ óò ti tẹ̀ba dandan. Àpáta náà gba ẹ̀mí wọn là, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ń bọ ọ́ títí di òní, wọ́n sì fi sọ ìlú lórúkọ. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé inú rẹ̀. Wọ́n jáde síta gbangba, wọ́n tẹ Aké dó, wọ́n tẹ Kémta dó, Òwu dé bá wọn, wọ́n ná ọjà. Kì í sì í ṣe pé ọ̀tá ti tán o. Dàhòmì gbógun wá lọ́dún 1851, wọ́n tún padà wá lọ́dún 1864. Inú odi ìlú ni Ẹ̀gbá ti bá wọn jà, kì í ṣe inú ihò. Ní ìgbà wọ̀nyẹn, wọ́n ti ní nǹkan tó ju ẹ̀mí lásán lọ tí wọ́n ń dáàbò bò.

Nítorí náà, ìbéèrè tí èmi yóò bi yín rèé: ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kí ló ń lé ọkọ yín? Ọ̀rọ̀ kan péré ni Èkó gbà nínú lẹ́tà yín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá tó ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, gbèsè, wàhálà mọ̀lẹ́bí, tàbí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ojú ọ̀nà tó ń gba wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan náà ti dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́. Ọkùnrin kan wà nítòsí Ọ̀ṣìẹ̀lẹ̀ tí mo máa ń fún ní ajílẹ̀. Ìjà ilé bàbá ló lé e wá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wo ojú ara wọn. Ọdún mọ́kànlá ló fi sọ igbó di ọgbà: kòkó, obì, ewúrẹ́ tó tó ogójì. Lọ́jọ́ kan wọ́n ránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ti kú. Ó lọ sin ín, ó padà, kò sì pé oṣù mẹ́ta tó ti ta àwọn ewúrẹ́. Mo bá a níbi tó ti ń so okùn mọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó ní, “Àgíríìkì, ẹni tí mò ń sá fún ti kú. Kí ni mò ń ṣe níbí?” Ọgbà náà kò yí padà o. Obì ń so lọ́dún yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti tèmi kò ní ìjà nínú. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo kọ́lé sẹ́bàá odò kékeré kan lọ́nà Alábàtà. Ìyàwó mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ n'Íbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wá. Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà kọjá, ó kí mi, mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ohùn mi sì jáde bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò da epo sí. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mi ò ti bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀. Rédíò nìkan ni mò ń dá lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi láti ọjọ́ yẹn: mò ń gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mò ń tú okùn iṣu tí kò ní àbùkù kan kí n lè tún un so. A máa ń ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo ayé mi ni mo fi rò pé nítorí ọmọ ni wọ́n fi pa òwe yẹn. Mo wá rí i pé àgbà náà nílò ọjà, kó rí orí kan tí yóò tún ṣe.

Ibí ni ẹ ti kọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín, bóyá ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ ní ẹ gbé ọsàn lọ sọ́jà “bí mo ṣe máa ń ṣe.” Ìyẹn ni pé ní gbogbo ọjọ́ ọjà fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yin ń jáde. Ẹ ní oníbàárà, ẹ ní ẹni tó jẹ yín lówó, ẹ mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á ti máa pè yín ní Ìyá Ọlọ́sàn. Tí ẹ bá wá padà sílé nírọ̀lẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ á dùn mọ́ yín lára nítorí ẹ ti ta ariwo tiyín tán lọ́jà. Ọkọ yín ló ń ṣọ́ ilé. Ilé kan náà ni, àpáta kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kan náà lẹ jọ ń gbé. Bí mo bá ṣìnà lórí èyí, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó kan ni mo ti rí i láàárín àwọn tọkọtaya tó fẹ̀yìn tì sóko: ẹni tí ń lọ sọ́jà kì í fẹ́ kúrò, ẹni tí ń ṣọ́lé ni ń lọ.

Ìdí kan tún wà tí àwọn tó ti pẹ́ lájò máa ń mọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown ní Sàró, rí ààbò níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, òwò wà, kò sì sí ẹni tí yóò jí ọmọ wọn gbé tà. Síbẹ̀ láti ọdún 1839 ni wọ́n ti ń wọkọ̀ padà sílé, sí ilẹ̀ tí ogun kò tíì tán. Wọ́n ja àwọn kan lólè ní Èkó lójú ọ̀nà, àwọn tó tẹ̀lé wọn sì gba Àgbádárìgì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ìgbà yẹn ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, ọdún 1846 ló dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti rí i. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ ìyìn rere ló gbé e wá, kì í ṣe ìyá ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ rẹ̀. Samuel ni Freetown fún un. Àjàyí ni a ń pe ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wá sáyé, ẹni tó bá wà níbi ìbí náà ló sì mọ ìdí tó fi ń jẹ́ ẹ. Ààbò kò lè fún èèyàn ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìdí tó fi jẹ́ Ìtòkú. Bí ó bá jẹ́ ilé tó dára nìkan ló ń wá, ì bá lọ sí Aṣẹ́rò tàbí Ọ̀bàǹtókò. Ta ló mọ̀ ní Ìtòkú? Ta ní ń pe orúkọ tí ẹ̀yin kì í pè é?

Ti ara ni mo fẹ́ yára fẹnu kàn. Ibi tó rẹwà máa ń ní àléébù tí ojú kì í rí. Ní àyíká odò Oyán, láti ìgbà tí wọ́n ti sé e lọ́dún 1983, àtọ̀sí ajá ti pọ̀ láàárín àwọn abúlé etí omi, nítorí ìgbín kékeré inú omi tó dúró jẹ́ẹ́ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ pamọ́, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Mo mọ ìdílé olùkọ́ kan tó fi ilé aláwọ̀ funfun rèǹtè rèǹtè sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin wọn ń tọ ẹ̀jẹ̀. Omi yín tó ń sun tó sì ń ṣàn kì í sábà ní ìṣòro yẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo adágún ẹja yín dáadáa bí ó bá ń wọ inú rẹ̀ láìwọ bàtà. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì le. Kí ó tún lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, torí ọkùnrin tó bá ti kọjá ọgọ́ta ọdún, tó sì yí ìgbé ayé rẹ̀ padà lójijì, yẹ kí dókítà wò ó, pàápàá bí kò bá sùn tàbí tó ń gbàgbé nǹkan. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Ààrò, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ, bà yín lẹ́rù bí wọ́n bá darí rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́dún 1954, ọmọ Abẹ́òkúta, Dókítà Lambo, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé tó wà láyìíká ilé ìwòsàn náà, kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn kan, kí wọ́n máa bá wọn roko. Ó mọ̀ pé àárín èèyàn ni ọkàn ti ń padà bọ̀ sípò, ayé sì wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ má ta ilẹ̀ yẹn ní ọdún yìí. Mo ti rí àwọn tó tà á nínú ìbínú, ẹni tó rà á gé igi lulẹ̀ fi ṣe pákó, wọn kò sì lè kọjá níbẹ̀ mọ́. Ẹ má sì sáré kó tẹ̀lé e lọ sí Ìtòkú bí kò bá wù yín. Ẹ óò kàn di ẹni tó ń ṣọ́ yàrá méjì ni, ìgbà tiyín á wá tó láti di báàgì. Ọ̀nà àwọn bàbá wa ni mo rò pé ó kù. Ẹ̀gbá kò fi ìgbà kan yan ilé tàbí oko. Wọ́n ní ilé nígboro, wọ́n ní abà lóko, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, bí ayẹyẹ bá sì dé gbogbo wọn á wọlé. Ọkọ yín ti ní ilé nígboro báyìí, oko ló wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà yìí ní ìnáwó tirẹ̀, n kò ní bò ó fún yín. Owó ọkọ̀ wọ́n, igbó kì í dúró de ẹnikẹ́ni, olè oko sì tètè ń mọ ilé tí ọkùnrin kò sùn sí. Ẹ wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò máa sùn níbẹ̀, ẹ fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ kó gbin àgbàdo tirẹ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí ọkọ yín má fẹ́ wá rárá, kó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ó ń fi sílẹ̀. Lẹ́tà nìkan kò lè jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi obìnrin sílẹ̀ kì í sábà sọ ilé tó wà fún un.

Nígbà tí ẹ bá lọ bá a, ẹ kó ọsàn lọ́wọ́, kó má jẹ́ díẹ̀, kó lè rí èyí tí yóò pín fún àwọn ará ilé. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa àpáta, ẹ má sọ̀rọ̀ nípa omi. Ẹ ní kó mú yín yí àdúgbò ká, kí ẹ wo àwọn tí yóò kí i àti orúkọ tí wọn yóò fi kí i. Bí ó bá wá béèrè fúnra rẹ̀ pé ẹja ńkọ́, ẹ dá a lóhùn pé ẹ kò mọ iye oúnjẹ tí òun máa ń fún wọn. Òótọ́ ṣá ni, àbí?

Ilé tèmi lọ́nà Alábàtà ṣì wà. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń lọ. Mo máa ń wẹ̀ lódò, mo máa ń jẹ iṣu sísun, mo sì máa ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò títí oòrùn á fi yí. Aago mẹ́rin ni mo máa ń kúrò, torí bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́kadà á sọ owó di ìlọ́po méjì.